Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Bàálù Kékeré Rìn Láti Serengeti Dé Zanzibar

Ní orílẹ̀-èdè Tanzania, àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù kan wà tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn jẹ́ kíkó àlejò láti ìlú lọ sínú igbó tí a ti ń wo ẹranko, àti láti inú igbó náà lọ sí àwọn erékùṣù inú òkun Íńdíà. Coastal Aviation, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1987, àti Auric Air, tó ti ìlú Mwanza bẹ̀rẹ̀, wà lára wọn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń béèrè lọ́wọ́ mi nípa ìrìnàjò yìí ló ti wọ bàálù ńlá láìmọye ìgbà láti Ìkẹjà, wọ́n sì gbà pé bàálù ni gbogbo bàálù ń jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun mẹ́ta ló ń darí bàálù kékeré: ìwọ̀n ohun tó lè gbé, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, àti iye ibi tí yóò yà sí lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́kàn láti ìgbà tó ti ń ṣètò yóò gbádùn ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá fi sọ́kàn, ojú rẹ̀ á rí nǹkan.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ọkọ̀ tí ẹ ó wọ̀

Cessna Grand Caravan ni ẹ ó bá pàdé jù lọ. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló ní, abẹ̀bẹ̀ irin kan wà ní imú rẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ sì wà lókè orí àwọn èrò, nítorí náà kò sí ohun tó dí ojú fèrèsé fún ẹni tó bá fẹ́ wo ilẹ̀. Èrò bíi méjìlá sí mẹ́tàlá ló ń gbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ká wọlé, ó le dáadáa, ó sì lè balẹ̀ sórí yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ tàbí koríko tí bàálù ńlá kò jẹ́ sún mọ́. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbé oúnjẹ wá. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò yíjú padà láti kí yín káàbọ̀, tí yóò sì sọ bí a ṣe ń de bẹ́líìtì. Abẹ́ ikùn ọkọ̀ náà ni àyè ẹrù wà, bí àpótí gbọọrọ kan tí wọ́n so mọ́ ọn, àwọn ìlẹ̀kùn rẹ̀ sì kéré. Ẹ rántí àwọn ìlẹ̀kùn kékeré wọ̀nyẹn, nítorí a ó padà sọ́dọ̀ wọn.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ mú àkókò, kí ẹ tó mú pápá ìbalẹ̀

Ọgbà ẹranko Serengeti fẹ̀ tó 14,763 kìlómítà níbùú lóròó, èyí tó ju Ìpínlẹ̀ Èkó lọ lọ́nà mẹ́rin. Nítorí náà, kò tó kí ènìyàn sọ pé Serengeti ni òun ń lọ. Pápá ìbalẹ̀ wo ni? Seronera wà láàárín gbùngbùn, Kogatende wà ní àríwá létí odò Mara, àwọn tó ń lọ sí gúúsù sì ń balẹ̀ ní Ndutu. Ohun tó ń mú ọ̀pọ̀ àlejò lọ ni ìrìn àwọn wildebeest, ẹranko kan tó fara jọ màlúù onírùngbọ̀n, tí iye wọn ju mílíọ̀nù kan lọ tí wọ́n sì ń tẹ̀lé òjò àti koríko kiri láti ọdún dé ọdún. Láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹta, ìhà gúúsù ni wọ́n máa ń wà, oṣù Kejì sì ni wọ́n ń bímọ jù. Láti oṣù Keje sí oṣù Kẹwàá, ẹ wá wọn lọ sí àríwá, níbi tí wọ́n ti ń sọdá odò Mara tí àwọn ọ̀nì sì ń dúró dè wọ́n. Ẹni tó bá gba tíkẹ́ẹ̀tì Seronera ní oṣù Kẹjọ nítorí pé ó rọ owó díẹ̀, tí ilé tí yóò sùn sì wà ní àríwá, yóò fi ọ̀pọ̀ wákàtí jẹ eruku nínú mọ́tò kó tó rí ibùsùn.

Ní oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún, òjò ńlá ni. Ọ̀pọ̀ ibùdó inú igbó máa ń tilẹ̀kùn nígbà náà, bàálù sì máa ń dín kù. Owó a máa wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi kì í gba ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ìmọ̀ràn pé kó lọ ní àkókò yìí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi igbó ṣíwájú, kí òkun tẹ̀lé e

Àwọn kan máa ń fẹ́ kọ́kọ́ sinmi ní erékùṣù Zanzibar kí wọ́n tó wá wo kìnnìún. Mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ yí i padà. Inú igbó, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni wọ́n ń jí yín, eruku á sì bò yín láti orí dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn irú rẹ̀ ni etíkun ń dùn. Ìdí kejì ju ìgbádùn lọ: ẹni tó bá fi ẹ̀rọ ìmí wọ ìsàlẹ̀ òkun lọ wo ẹja kò gbọdọ̀ wọ bàálù lọ́jọ́ náà, àní bàálù kékeré tí kì í fò lọ sókè púpọ̀. Àwọn onímọ̀ ní kó dúró fún ó kéré tán wákàtí 18 bó bá wọ inú omi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí afẹ́fẹ́ tó kó sínú ẹ̀jẹ̀ lè jáde. Bí òkun bá ṣíwájú, ọjọ́ kan á ti ṣòfò lórí ìdúró yìí.

Ètò yìí bá ọ̀nà ilé wa mu pẹ̀lú. Láti Èkó, Ethiopian Airlines ń gba Addis Ababa lọ sí Kilimanjaro, ó sì tún ń gbé èrò ní Zanzibar, nítorí náà ẹ lè gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé kí ẹ gba òmíràn jáde láìpadà sẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ má ṣe ṣi pápákọ̀ mú

Bàálù ńlá ń balẹ̀ ní pápákọ̀ Kilimanjaro, tí àmì rẹ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ JRO, tó sì jìnnà tó nǹkan bíi 50 kìlómítà sí ìlú Arusha. Púpọ̀ nínú àwọn bàálù kékeré kì í gbéra níbẹ̀. Pápákọ̀ kékeré ti Arusha, tí àmì tirẹ̀ jẹ́ ARK, ni wọ́n ń lò. Mo ti rí tọkọtaya kan tí wọ́n jókòó pẹ̀sẹ̀ sí Kilimanjaro tí wọ́n ń mu kọfí, bàálù wọn sì ti gbéra ní Arusha. Irú rẹ̀ wà ní Dar es Salaam náà: ilé èrò kẹta (Terminal 3), tí wọ́n ṣí ní ọdún 2019, ni ti bàálù òkè òkun, ṣùgbọ́n ilé èrò kìn-ín-ní (Terminal 1), èyí tó ti gbó, ni àwọn bàálù kékeré ń lò, mọ́tò ni ènìyàn sì gbọ́dọ̀ wọ̀ láti ọ̀kan dé èkejì. Ẹ wo àmì lẹ́tà mẹ́ta náà lórí tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì, kí ẹ sì fi wéra.

Ìmọ́lẹ̀ ni ohun tó kàn. Àwọn pápá ìbalẹ̀ inú igbó kò ní iná, bàálù kì í sì í balẹ̀ síbẹ̀ lálẹ́. Oòrùn ń wọ̀ ní agbègbè náà ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, nítorí náà bàálù tó kẹ́yìn lọ sínú igbó ti gbọ́dọ̀ gbéra tipẹ́ kí ó tó di ìgbà yẹn. Bí bàálù ńlá yín bá máa balẹ̀ ní ọ̀sán, ẹ sùn ní Arusha, kí ẹ gbéra ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bákan náà ni nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀: ẹ má ṣe ti inú igbó jáde lọ́jọ́ tí bàálù òkè òkun yín ń gbéra. Ìkùukùu òwúrọ̀ kan tó bá bo pápá ìbalẹ̀ fún wákàtí méjì ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìwé

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń gba físà Tanzania. Dọ́là 50 ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń san, ẹni tó bá ní ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà ń san 100. Ẹni tó bá fẹ́ lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, kó tètè bẹ̀rẹ̀, kó má ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì tí a kò lè dá padà kí físà tó jáde. Yẹ́lò káàdì ṣe dandan fún ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá. Abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá lára kí ẹ tó wọlé, káàdì tó jẹ́ ojúlówó sì ń ṣiṣẹ́ títí ayé láti ọdún 2016, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọdún mẹ́wàá ti pé.

Zanzibar ní òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, gbogbo àlejò láti òkè òkun gbọ́dọ̀ ra ìwé adójútòfò lọ́wọ́ Zanzibar Insurance Corporation ní dọ́là 44, kódà bí ó bá ti ní òmíràn láti ìlú rẹ̀. Ọjọ́ 92 ló fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, nítorí nẹ́tíwọ̀kì inú igbó kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn èèyàn wa tó ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston: àjẹsára àbáláyé tí ara yín ní sí ibà ẹ̀fọn ti lè lọ pátápátá. Ẹ rí dókítà fún oògùn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí ẹ bá ń gba tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ lè gbà á lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù fúnra rẹ̀, ẹ sì lè jẹ́ kí ibùdó tí ẹ fẹ́ sùn sí bá yín gbà á. Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé bí àkókò bá yí padà, ibùdó ni wọn yóò kọ́kọ́ pè. Ẹ béèrè iye kìlógíráàmù tó jẹ́ ti ènìyàn kan, ẹ béèrè bóyá owó pápákọ̀ ti wà nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sì béèrè iye èrò tó gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó yà sí pápá ìbalẹ̀ yín, nítorí àwọn kan kì í yà fún ènìyàn kan ṣoṣo. Wọn yóò béèrè ìwọ̀n ara yín. Ẹ má ṣe tijú, ẹ má sì ṣe dín in kù bí ẹni tó ń dín ọjọ́ orí kù, nítorí ìṣirò tí awakọ̀ fi ń mọ bí ọkọ̀ yóò ṣe gbéra lórí pápá kúkúrú nínú ooru ni.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹrù, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an

Kìlógíráàmù 15 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fún ènìyàn kan. Àwọn kan ń fún ni ní 20. Báàgì ọwọ́, kámẹ́rà, àti ìwé tí ẹ fẹ́ kà wà nínú iye yẹn. Ó tún gbọ́dọ̀ jẹ́ báàgì aṣọ rírọ̀ tí kò ní táyà, tí kò sì ní irin nínú.

Èmi náà gbọ́ èyí kí n tó lọ, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Àpótí líle onítáyà mẹ́rin ni mo gbé dé pápákọ̀ Arusha. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kó ẹrù gbé e dé ẹnu ìlẹ̀kùn abẹ́ ikùn ọkọ̀, ó gbé e ní ìbú, kò wọlé. Ó gbé e ní òró, kò wọlé. Ó dà á délẹ̀, ó fi ọwọ́ wọn ẹnu ìlẹ̀kùn náà, ó sì wò mí lójú. Ó ní, “Pole.” Mo kọ́kọ́ rò pé Yorùbá ló ń sọ, nítorí ohun tí “pẹ̀lẹ́” jẹ́ lọ́dọ̀ wa náà ni “pole” jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Níṣojú àwọn èrò mọ́kànlá tó ń dúró dè mí, mo da aṣọ mi sórí kọnkéré, mo sì ń kó o sínú àpò ìrẹsì tí ẹnìkan ṣàánú fún mi. Àpótí náà ṣì wà ní Arusha títí di òní, nítorí Zanzibar ni ìrìnàjò mi parí sí, n kò sì gba ibẹ̀ padà mọ́.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìyẹn fún ẹni tó bá ń lọ ni pé ìmọ̀ràn “ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì” wúlò fún kìkì ẹni tó máa padà gba ibẹ̀. Bí ẹrù yín bá pọ̀ lóòótọ́, ẹ sanwó ìjókòó kan sí i fún un nígbà tí ẹ bá ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí ọkọ̀ ti kún.

Kìlógíráàmù 15 tó o. Ọ̀pọ̀ ibùdó inú igbó ń fọ aṣọ fún àlejò, nítorí náà ẹ̀wù mẹ́ta sí mẹ́rin, ṣòkòtò méjì, súwẹ́tà kan fún òtútù ìdájí, bàtà kan ní ẹsẹ̀ àti sálúbàtà kan nínú báàgì ti parí rẹ̀. Ẹ yan àwọ̀ ilẹ̀ tàbí àwọ̀ koríko gbígbẹ. Àwọ̀ dúdú àti aró ń pe eṣinṣin tsetse wá, ìbunijẹ rẹ̀ sì dunni ju ti ẹ̀fọn lọ. Aṣọ tó jọ ti ológun, ẹ fi í sílẹ̀ nílé, òfin Tanzania kò gbà á lára aráàlú. Ọ̀rá tí a fi ń ra ọjà náà kò gbọdọ̀ wọlé láti oṣù Kẹfà ọdún 2019, nítorí náà ẹ má ṣe fi ọ̀rá dúdú di bàtà gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe. Oògùn, ìwé ìrìnnà àti páwà báǹkì yóò wà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe nínú ẹrù. Ẹ wọn gbogbo rẹ̀ nílé. Bí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n ẹrù, ẹ gun òṣùwọ̀n ara pẹ̀lú báàgì, kí ẹ tún gùn ún láìgbé e, kí ẹ sì yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì.

Ìgbésẹ̀ keje: ní ọjọ́ tó ṣáájú

Àkókò tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe àkókò ìkẹyìn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni ilé-iṣẹ́ náà ń mọ ibi tí èrò wà àti ibi tí kò sí, nígbà náà ni wọ́n sì ń to ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí ibùdó yín pè wọ́n kí ẹ tó sùn. Tanzania fi wákàtí méjì ṣíwájú Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ohun tó ń da àlejò láàmú jù lọ ni bí àwọn elédè Swahili ṣe ń ka aago. Láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni wọ́n ti ń kà: aago méje òwúrọ̀ ni wọ́n ń pè ní saa moja, èyí tó túmọ̀ sí wákàtí kìn-ín-ní. Bí awakọ̀ mọ́tò bá ní òun yóò wá gbé yín ní saa mbili, aago mẹ́jọ ló ń sọ, kì í ṣe aago méjì. Ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, kí ẹ sì bi í bóyá aago òyìnbó ni.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: wíwọ ọkọ̀, àti ojú ọ̀nà

Ẹ dé pápákọ̀ ní wákàtí kan ṣáájú, ẹ má mu omi púpọ̀, ẹ sì lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí wọ́n tó pè yín. Ẹ̀yìn ìyẹ́ ni a ń gbà lọ sí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, a kì í gba iwájú kọjá lọ́dọ̀ abẹ̀bẹ̀, àní bí kò bá yí. Ẹ di ọmọ mú, ẹ sì ṣí fìlà àti gèlè kúrò lórí. Ibi tí awakọ̀ bá ní kí ẹ jókòó sí ni ẹ ó jókòó sí, nítorí ó ń pín ìwọ̀n. Bó bá pe ọ̀kan nínú yín sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ níwájú, ẹ má jẹ́ kó pè lẹ́ẹ̀mejì, ìjókòó tó dára jù lọ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọkàn sí i pé ọkọ̀ yìí ń rìn bíi dánfó. Láti Arusha sí Seronera, bíi wákàtí kan ni bó bá lọ tààrà, ṣùgbọ́n ó lè yà sí Lake Manyara kó já ènìyàn méjì, kó tún balẹ̀ síbòmíràn kó gbé mẹ́rin. Ẹ má ṣe sọ̀kalẹ̀ nítorí pé ẹ rí àwọn mìíràn tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀. Àwọn pápá náà jọra: ilẹ̀ gbọọrọ kan, àpò aṣọ tó ń fi ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí hàn, àti mọ́tò mẹ́ta lábẹ́ igi. Ẹ bi awakọ̀ léèrè orúkọ ibẹ̀, kí ẹ sì yọjú wo bí wọ́n bá ń já ẹrù, kí báàgì yín má bàa sọ̀kalẹ̀ ṣáájú yín.

Òwúrọ̀ ni ojú ọ̀run ń rọlẹ̀. Bí oòrùn bá ti mú, afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa ti ilẹ̀ gòkè, ọkọ̀ á sì máa jó bí ẹni gun kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà tó ti bàjẹ́. Kò léwu, ṣùgbọ́n ó lè kọ inú sókè, nítorí náà ẹni tí èébì máa ń gbé nínú mọ́tò, kó béèrè ọkọ̀ òwúrọ̀. Bó bá ku díẹ̀ kí ẹ balẹ̀ tí awakọ̀ tún gbé ọkọ̀ sókè lójijì, ẹ wo ìsàlẹ̀: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà ló dúró sójú pápá, mọ́tò kan á sì ti máa sáré lé wọn.

Bí ẹ bá balẹ̀, ẹ dúró lábẹ́ ìbòòrùn títí ẹni tó wá gbé yín yóò fi dárúkọ yín. Kò sí takisí níbẹ̀. Ẹ má sì rìn wọ inú koríko lọ tọ̀, ẹnìkan lè ti sùn síbẹ̀ ṣáájú yín.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: láti igbó sí erékùṣù

Ìrìn Serengeti sí Zanzibar ń gba wákàtí méjì sí mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí iye ibi tí ọkọ̀ bá yà sí, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ pààrọ̀ ọkọ̀ ní Arusha. Pápákọ̀ Abeid Amani Karume ní Unguja, tó jẹ́ erékùṣù ńlá Zanzibar, ni ẹ ó balẹ̀ sí. Ẹ mú ìwé adójútòfò jáde níbẹ̀. Ìlú Mùsùlùmí ni, nítorí náà bí ẹ bá ń rìn ní Stone Town, àdúgbò àtijọ́ ìlú náà, kí aṣọ bo èjìká àti orúnkún. Ẹni tó bá fẹ́ ibi tó dákẹ́ ju Unguja lọ, kó wọ bàálù kékeré mìíràn lọ sí erékùṣù Pemba, tàbí sí erékùṣù Mafia, níbi tí àwọn ẹja ekurá ńlá onítótótó ara (whale shark) ti máa ń sún mọ́ etíkun láti oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejì. Láti Zanzibar sí Dar es Salaam, ogún ìṣẹ́jú ni bàálù ń lò. Ọkọ̀ ojú omi ń lò tó wákàtí méjì, ó sì rọ owó, kì í sì í wọn ìbàdí ẹnikẹ́ni.

Kí ẹ tó kúrò ní Zanzibar, ẹ ó ra kánáfùrù, nítorí wọ́n ń gbìn ín gan-an níbẹ̀, pàápàá ní Pemba. Bí bàálù ńlá ni yóò gbé yín jáde ní Unguja, ẹ rà á bó ṣe wù yín. Bí ó bá jẹ́ bàálù kékeré ni ẹ ó tún wọ̀ dé Dar es Salaam, ẹ padà gbé báàgì sórí òṣùwọ̀n lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, pẹ̀lú kánáfùrù nínú rẹ̀.